Nóòdù Tó Ń Ṣiṣẹ́ Lórí Tábìlì, Tó Wá Kú Lọ́jọ́ Kẹta

Bó ṣe máa ń rí nìyí. Ẹ ti so sẹ́ńsọ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù, ẹ ti rọ kóòdù sí i, nọ́ńbà ń tò ní ìlà-ìlà lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ yọ wáyà USB, ẹ ki bátìrì sí i, ẹ gbé e lọ síbi iṣẹ́. Ọjọ́ kìíní, ó ń jábọ̀. Ọjọ́ kejì, ó ń jábọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, kẹ́kẹ́ pa. Ẹ pààrọ̀ bátìrì, ó jí. Kò pẹ́, ó tún kú. Mo mọ ẹnì kan ní Ṣómólú tó tún kóòdù kọ lẹ́ẹ̀mẹ́rin nítorí irú èyí. Iná pupa kékeré kan tó ń tàn lórí bọ́ọ̀dù ló ń jẹ bátìrì rẹ̀. Kóòdù ò mọwọ́mẹsẹ̀.

Nóòdù ni ẹ̀rọ kékeré oníbátìrì tó ń fi sẹ́ńsọ̀ wọn nǹkan, tó sì ń fi rédíò jábọ̀. Èyí tí màá fi ṣàpẹẹrẹ ni irú tí mo ṣe fún ìyá kan tó ń ta ẹja dídì ní Oyíngbò. Mẹ́fà ni wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣọ́ fírísà kan, wọ́n ń jábọ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá kí wọ́n lè tètè tan jẹnẹrétọ̀ bí ìgbóná fírísà bá ń gòkè kúrò ní -18 °C. Tó bá jẹ́ omi táńkì ní Sùúrùlérè ni tiyín fẹ́ máa wò, sẹ́ńsọ̀ àti ìlà kóòdù tó ń kà á ló máa yí padà.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Arduino Pro Mini, bọ́ọ̀dù kékeré tí à ń rọ kóòdù sí, irú 3.3 V, 8 MHz. Irú 5 V, 16 MHz jọ ọ́ bí ìbejì, wọn kì í sì í kọ ọ́ sára gbogbo wọn. Tẹ́ ẹ bá rà á, ẹ fi ṣájà fóònù fún un ní iná ní ẹsẹ̀ RAW, kí ẹ fi mítà wo VCC, ẹsẹ̀ iná tí bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ ń lò. 3.3 la fẹ́.
- Rédíò RFM95, irú 868 MHz, méjì ó kéré tán, torí ẹ nílò ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àti ẹni tó ń gbọ́. Àlàfo ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 2, kò lè wọ bọ́ọ̀dù ìdánwò onítẹ̀bọ̀. Ẹ ra pẹpẹ kékeré tí wọ́n ń jó o mọ́.
- Sẹ́ńsọ̀ ìgbóná DS18B20 tí wọ́n ti fi irin wé lórí, pẹ̀lú rẹ̀sísítọ̀ 4.7 kΩ.
- Rẹ́gúlétọ̀ MCP1700 ti 3.3 V, tó ń mú iná bátìrì wá sí 3.3 V, kapásítọ̀ 1 µF méjì fún iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀, àti 100 µF kan fún rédíò.
- Bátìrì 18650 kan àti ṣájà TP4056, irú tó ní ààbò bátìrì lórí.
- Rẹ̀sísítọ̀ 1 MΩ méjì àti kapásítọ̀ 100 nF.
- Àdápútà USB tí a fi ń rọ kóòdù láti kọ̀ǹpútà, tó ní bọ́tìnì tàbí jọ́ńpà 3.3 V, tó sì ní ẹsẹ̀ DTR, èyí tó ń tún bọ́ọ̀dù bẹ̀rẹ̀ kí kóòdù lè wọlé.
- Mítà tó lè wọn µA (ìdá mílíọ̀nù áńpà). Èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti mA (ìdá ẹgbẹ̀rún áńpà) nìkan kò tó fún iṣẹ́ yìí.

Àwọn kan á bi mí pé kí ló dé tí n kò lo ESP32, ṣebí ó ti ní Wi-Fi lára. Mo ti lò ó. Kóòdù mi sọ pé kí ó máa wá Wi-Fi títí yóò fi rí i. Wọ́n mú iná lọ ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́, ráúta kú, nóòdù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì ń wá ráúta tí kò sí láyé títí ilẹ̀ fi mọ́. ESP32 tó ń wá Wi-Fi lè fa iná tó ju 100 mA lọ. Bí mo ṣe débẹ̀ láàárọ̀, kò sí ọ̀kan tó ń mí. Ní ìlú tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, n kì í tún fi ayé nóòdù mi sọ́wọ́ ráúta.

Ìgbésẹ̀ 1: Bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò

Bátìrì 18650 tí wọ́n kọ 9900 mAh sí lára ń parọ́. Ojúlówó kì í sábà ju 3500 mAh lọ, ayédèrú sì lè má tó 1000. Èyí tí wọ́n tú jáde nínú bátìrì láptọ́ọ̀pù ní Computer Village máa ń sàn ju ayédèrú tuntun lọ, bí ẹ bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ẹ fi mítà wọn ọ́n: èyí tó bá ti lọ sísàlẹ̀ 2.5 V, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín, kí ẹ má fi owó pọ́ọ́kú tan ara yín. Ẹ gba ìyókù lágbára títí dé 4.2 V, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ṣájà, ẹ kọ ọjọ́ sí i lára, ẹ fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, bátìrì tó dára á ṣì wà ní 4.1 V tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó ti já sí 3.9 láìṣe iṣẹ́ kankan ń jò nínú ara rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 2: Rírọ kóòdù

Ẹ so àdápútà mọ́ Pro Mini: GND sí GND, VCC sí VCC, TX sí RXI, RX sí TXO, DTR sí DTR. Ẹ rí i dájú pé jọ́ńpà wà ní 3.3 V kí ẹ tó so rédíò mọ́ ọn. RFM95 kò lè gba 5 V, kì í sì í jó tàbí rùn kí ẹ tó mọ̀. Á kàn yadi ni.

Nínú Arduino IDE, ẹ mú "Arduino Pro or Pro Mini", kí ẹ sì mú "ATmega328P (3.3V, 8 MHz)" nísàlẹ̀ rẹ̀. Ibí làwọn èèyàn ti máa ń ṣubú jù. Bí ẹ bá mú 16 MHz, kóòdù á wọlé láìjiyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí yóò máa kọ sójú kọ̀ǹpútà á dà bí ọ̀rọ̀ ẹni tó mutí yó, ohun tẹ́ ẹ ní kó fi ìṣẹ́jú àáyá kan ṣe, méjì ni yóò fi ṣe é. Tẹ́ ẹ bá rí irú rẹ̀, ẹ má fọwọ́ kan kóòdù. Ibi tẹ́ ẹ ti yan bọ́ọ̀dù ni kí ẹ padà sí.

Tó bá ń kígbe pé "programmer is not responding", tàbí tí kò rí bọ́ọ̀dù rárá, ohun mẹ́ta ni mo máa ń wò, tẹ̀léra báyìí: wáyà USB (ọ̀pọ̀ wáyà tó wá pẹ̀lú ṣájà pọ́ọ́kú kò ní okùn dátà nínú, iná nìkan ló ń gbé), TX àti RX tí ẹ kò gbé kọjá ara wọn, àti DTR. Bí àdápútà yín ò bá ní DTR, ẹ tẹ bọ́tìnì reset lórí bọ́ọ̀dù nígbà tí IDE bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ "Uploading".

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ rọ kóòdù "Blink" sí i, kí ẹ sì ka ìṣẹ́jú àáyá pẹ̀lú aago fóònù. Títàn ọgbọ̀n gbọ́dọ̀ gba 60 ìṣẹ́jú àáyá. Tó bá gba 120, ẹ mọ ẹni tó jẹ̀bi.

Ìgbésẹ̀ 3: Sẹ́ńsọ̀ nìkan, láìsí rédíò

Wáyà pupa DS18B20 ni iná, dúdú ni GND, yẹ́lò ni dátà, ṣùgbọ́n mo ti rí èyí tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Bí ẹ bá so ó sódì, á gbóná lọ́wọ́ yín láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Ẹ tètè yọ ọ́, ó lè ṣì yè.

Má so wáyà pupa mọ́ VCC tààrà o. Pín 3, ìyẹn ẹsẹ̀ 3 bọ́ọ̀dù, ni kí ẹ so ó mọ́, kí kóòdù lè máa tan sẹ́ńsọ̀ kó sì máa pa á. Sẹ́ńsọ̀ yìí kì í fà ju bíi 1.5 mA lọ, pín náà gbé e dáadáa. Dátà lọ sí pín 4. Rẹ̀sísítọ̀ 4.7 kΩ wà láàárín pín 4 àti pín 3, kì í ṣe láàárín pín 4 àti VCC. Ìdí rẹ̀ á hàn ní ìgbésẹ̀ 6.

Nọ́ńbà méjì wà tí sẹ́ńsọ̀ yìí fi ń sunkún. -127 túmọ̀ sí pé kóòdù kò rí i rárá: wáyà ti já, tàbí rẹ̀sísítọ̀ kò sí níbẹ̀. 85 túmọ̀ sí pé sẹ́ńsọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni, kò tíì wọn nǹkan kan. Ó nílò 750 ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá láti wọn ìgbóná kan ní pípé. Mo fẹ́ fi ọgbọ́n pa bátìrì mọ́ nígbà kan, mo kà á lẹ́yìn 100 péré. Ìyá ẹlẹ́ja bá pè mí:

"Ínjíníà, wá wò ó o. Ẹ̀rọ ẹ ní ìgbóná fírísà mi ti di márùndínláàádọ́rùn-ún. Ṣé mò ń se ẹja ni?"

"Ẹ má bínú, Mọ̀mí. Ẹ̀bi mi ni, ẹja yín ṣì wà ní dídì."

"Mo mọ̀ pé ó ṣì wà ní dídì. Ìwọ ni mò ń bi."

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ ki sẹ́ńsọ̀ sínú kọ́ọ̀bù tí yìnyín àti omi díẹ̀ kún, ẹ rò ó, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ó gbọ́dọ̀ wà láàárín -0.5 àti 0.5 °C.

Ìgbésẹ̀ 4: Rédíò

Áńtẹ́nà ṣáájú iná. Ẹni tó bá tan rédíò láìsí áńtẹ́nà ń fi rédíò ta tẹ́tẹ́. Wáyà kan tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 8.2 sí 8.6, tó dúró ṣánṣán, ti tó fún 868 MHz.

MISO sí 12, MOSI sí 11, SCK sí 13, NSS sí 10, RESET sí 9, DIO0 sí 2. Ẹ jó kapásítọ̀ 100 µF mọ́ ẹsẹ̀ iná rédíò gan-an, kì í ṣe ní òpin wáyà gígùn kan. Bí rédíò bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ó máa ń gbé iná bíi 90 mA mì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí kò bá rí ibi mu nítòsí, iná bọ́ọ̀dù á já, bọ́ọ̀dù á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àpẹẹrẹ kóòdù tó wá pẹ̀lú láíbúrárì LoRa (ọ̀nà tí RFM95 ń gbà sọ̀rọ̀) máa ń ní ìlà kan tó sọ pé bí rédíò kò bá dáhùn, kí bọ́ọ̀dù dúró síbẹ̀ títí ayé: `while (1);`. Lórí tábìlì, kò sí wàhálà. Nínú ìsọ̀, bọ́ọ̀dù á dúró síbẹ̀ láìsùn, á máa jẹ bátìrì. Ẹ fi oorun rọ́pò rẹ̀: kó sùn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó tún gbìyànjú.

SF ni bí rédíò ṣe ń fa ọ̀rọ̀ gùn tó: bó bá ṣe tóbi sí, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń lọ jìnnà sí, tó sì ń pẹ́ sí i. SF7 ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. Ìjábọ̀ tó ní lẹ́tà 16 gba bíi 50 ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá ní SF7. Ní SF12, ó gba bíi 1,300. Ìlọ́po mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni yẹn, bátìrì ló sì máa sanwó rẹ̀. SF ńlá kì í ṣe ohun tí a ń fi dákẹ́ ẹ̀rù.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ gbé ẹni tó ń gbọ́ sí yàrá kejì. Ẹ wo RSSI, ìyẹn bí ohùn ṣe dún tó. Ní yàrá kejì, -60 sí -80 dára. Bí ẹ bá rí -110 láti yàrá kejì, áńtẹ́nà yín kò kàn án, tàbí ẹ ti ra 433 dípò 868.

Ìgbésẹ̀ 5: Kóòdù

Ìjábọ̀ nóòdù mi ní nǹkan mẹ́rin: nọ́ńbà nóòdù, òǹkà tó ń fi ọ̀kan gun sókè nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá jí, agbára bátìrì, àti ìgbóná. Báyìí ló ṣe rí: `3,118,3.92,-17.5`. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi ìgbóná nìkan ránṣẹ́. Tí nǹkan bá wá bàjẹ́, wọn kò ní ẹlẹ́rìí. Òǹkà yẹn ni ẹlẹ́rìí, ẹ má fò ó.

```
const byte NOMBA = 3;
const byte INA_SENSO = 3;
uint16_t onka = 0;

void loop() {
  digitalWrite(INA_SENSO, HIGH);
  delay(10);
  senso.begin();
  senso.setWaitForConversion(false);
  senso.requestTemperatures();
  LowPower.powerDown(SLEEP_1S, ADC_OFF, BOD_OFF);
  float igbona = senso.getTempCByIndex(0);
  digitalWrite(INA_SENSO, LOW);

  analogRead(A0);                       // eleyii fun imurasile
  float batiri = analogRead(A0) * 6.6 / 1023;

  LoRa.beginPacket();
  LoRa.print(NOMBA), LoRa.print(',');
  LoRa.print(onka++), LoRa.print(',');
  LoRa.print(batiri, 2), LoRa.print(',');
  LoRa.print(igbona, 1);
  LoRa.endPacket();
  LoRa.sleep();

  for (byte i = 0; i < 75; i++)
    LowPower.powerDown(SLEEP_8S, ADC_OFF, BOD_OFF);
}
```

Ẹ má gbàgbé `pinMode(INA_SENSO, OUTPUT)` nínú `setup`, pẹ̀lú `LoRa.setPins(10, 9, 2)`, `LoRa.begin(868E6)` àti `LoRa.enableCrc()`.

Ẹ wò ó pé nígbà tí sẹ́ńsọ̀ ń wọn ìgbóná, bọ́ọ̀dù náà ń sùn fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò dúró wò ó lójú. Oorun tó gùn jù tí ATmega328P, ọpọlọ Pro Mini, lè fi aago ara rẹ̀ sùn ni ìṣẹ́jú àáyá 8, ìdí nìyẹn tí a fi ń ká a lẹ́ẹ̀marùndínlọ́gọ́rin láti di ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Aago yẹn kì í péye o. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tiyín lè jẹ́ mẹ́sàn-án, ó lè jẹ́ mọ́kànlá. Fún ẹja, kò ṣe nǹkan. Ó tilẹ̀ wúlò, torí nóòdù mẹ́fà tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ kò ní máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà títí lọ.

Láti ka agbára bátìrì, ẹ fi 1 MΩ kan láti bátìrì sí A0, òmíràn láti A0 sí GND, kí 100 nF wà láàárín A0 àti GND. Ọ̀pọ̀ àpẹẹrẹ tẹ́ ẹ bá rí á ní kí ẹ lo 100 kΩ. Ẹ ṣírò rẹ̀: 4.2 V lórí 200 kΩ jẹ́ 21 µA, ní tọ̀sán-tòru. Ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣọ́ bátìrì á wá máa jẹ ẹ́ ju nóòdù tó ń sùn lọ.

Bí ẹ bá fi `Serial.print` síbẹ̀ fún àyẹ̀wò, ẹ kọ `Serial.flush()` kí oorun tó dé. Àìjẹ́bẹ́ẹ̀, bọ́ọ̀dù á sùn mọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu, ẹ̀yin á sì rò pé ó ti kú.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ dín 75 kù sí 2, ẹ wo ìjábọ̀ ogún. Òǹkà gbọ́dọ̀ lọ láti 0 dé 19 láìfo ọ̀kankan. Ẹ dá 75 padà kí ẹ tó tẹ̀síwájú (mo ti gbàgbé rí).

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ wọn oorun rẹ̀

Ibí ni ọ̀rọ̀ wà. Nóòdù yìí kì í jí ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ nínú ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Iná tó ń fà nígbà tó ń sùn ló máa pinnu bóyá yóò lo ọjọ́ mọ́kànlélógún tàbí ọdún.

Ẹ kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ abẹ. Iná kékeré tó ń tàn títí lórí Pro Mini, ẹ fi lẹ́ẹ̀dì gbígbóná, ìyẹn òjé tí a fi ń jó wáyà, kàn án ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ẹ fi ẹ̀mú gbé e kúrò. Rẹ́gúlétọ̀ tó wà lórí bọ́ọ̀dù náà, ẹ gé e. MCP1700 ni yóò máa fún VCC ní iná tààrà. Ẹ má lo RAW mọ́. Ẹ ká ní bọ́ọ̀dù kan ń fa 4 mA nítorí àwọn méjèèjì: bátìrì 2000 mAh á gbé e fún wákàtí 500, ọjọ́ mọ́kànlélógún nìyẹn. Bí bátìrì bá jẹ́ ayédèrú tí kò tó 300 mAh, ọjọ́ kẹta rèé.

Lẹ́yìn náà, ẹ yọ àdápútà USB kúrò pátápátá. Ọmọ iṣẹ́ mi kan wọn nóòdù kan fún odindi ọ̀sán, ó ń rí nọ́ńbà tí kò ní orí tí kò ní ìdí. Àdápútà ṣì wà lára rẹ̀, ó ń gba ẹsẹ̀ RX wọlé, ó ń bọ́ bọ́ọ̀dù lábẹ́ tábìlì.

Bí a ṣe ń wọn ọ́n:

Ẹ fi mítà sáàárín bátìrì àti nóòdù ní ẹ̀gbẹ́ rere, ní ìpele mA. Ẹ mú wáyà tó ní ẹ̀mú ní ẹnu méjèèjì, ẹ fi ṣe afárá kọjá mítà, kí iná má gba inú mítà. Ẹ tan nóòdù. Ẹ dúró kó jí, kó jábọ̀, kó sùn. Ìgbà yẹn ni kí ẹ yọ afárá. Bí nọ́ńbà bá kéré, ẹ dá afárá padà, ẹ sọ mítà kalẹ̀ sí µA, ẹ tún yọ afárá. Kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé, ẹ dá a padà.

Kí ni afárá wà fún? Mítà ní rẹ̀sísítọ̀ nínú. Ká ní ó jẹ́ 100 Ω ní ìpele µA: bí rédíò bá fẹ́ gbé 90 mA gba ibẹ̀, kò sí V tó máa kù fún bọ́ọ̀dù. Á kú, á jí, á tún kú, ẹ̀yin á sì máa rò pé kóòdù ló ń ṣe é.

Bí mítà bá sọ pé 0.0 pátápátá, ẹ má tíì jó. Bóyá fíúsì mítà ló ti jó.

Nóòdù tó pé yẹ kó sùn nísàlẹ̀ 20 µA: aago ATmega bíi 5, rẹ́gúlétọ̀ bíi 2, rẹ̀sísítọ̀ bátìrì 2, rédíò kò tó 1, pẹpẹ ààbò bátìrì jẹ ìyókù. Bí tiyín bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, nọ́ńbà fúnra rẹ̀ máa ń dárúkọ olè:

Bíi 1.5 mA: rédíò ò sùn, ó kàn jókòó ni. Ẹ ti gbàgbé `LoRa.sleep()`, tàbí ẹ̀ ń bá rédíò sọ nǹkan lẹ́yìn rẹ̀.

Bíi 0.7 mA: rẹ̀sísítọ̀ 4.7 kΩ ni. 3.3 V lórí 4.7 kΩ, 0.7 gééré ló ń bọ́ sí. Ẹ ti so ó mọ́ VCC dípò pín 3, dátà sì wà nísàlẹ̀.

Mílì méjì, mẹ́ta, mẹ́rin: iná pupa, rẹ́gúlétọ̀ bọ́ọ̀dù, tàbí bọ́ọ̀dù ò sùn rárá.

20 µA tó lé lórí ohun tó yẹ: rẹ̀sísítọ̀ 100 kΩ tẹ́ ẹ fi wo bátìrì, tàbí BOD (ẹ̀ṣọ́ inú ATmega tó ń wò bóyá iná ti lọ sílẹ̀ jù) tí a kò pa.

Nọ́ńbà tó ń lọ sókè sódò bí ẹ bá na ọwọ́ sún mọ́ bọ́ọ̀dù: pín kan wà tí kò sí ẹni tó dì í mú. Gbogbo pín tẹ́ ẹ kò lò, ẹ fi `INPUT_PULLUP` sí i nínú `setup`.

Bí gbogbo rẹ̀ ò bá ṣàlàyé ara rẹ̀, ẹ tú rédíò, ẹ wọn. Ẹ tú sẹ́ńsọ̀, ẹ wọn. Ibi tí nọ́ńbà bá ti já ni olè wà.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: nóòdù sùn nísàlẹ̀ 20 µA lẹ́ẹ̀mẹta tẹ̀léra, lẹ́yìn tó ti jí jábọ̀ láàárín wọn. N kì í pa àpótí dé kí èyí tó pé.

Ìgbésẹ̀ 7: Síbi iṣẹ́

Fírísà jẹ́ àpótí irin, rédíò kò lè kígbe láti inú rẹ̀. Bátìrì pàápàá kì í fẹ́ òtútù yẹn. Sẹ́ńsọ̀ nìkan ló ń wọlé. Wáyà rẹ̀ gba abẹ́ rọ́bà ìdérí. Wáyà tín-ínrín ni kó jẹ́, èyí tó bá nípọn á jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa wọlé, yìnyín á sì hù síbẹ̀ bí irùngbọ̀n. Ẹ ki orí sẹ́ńsọ̀ sínú ìgò kékeré tí yanrìn gbígbẹ kún inú rẹ̀, kí ó má bàa máa pariwo nígbàkígbà tí oníbàárà bá ní kí wọ́n ṣí i kí òun yan tìtọ́ọ̀sì.

Àpótí ike táwọn oníná ń lò ti tó. Ẹ gbé áńtẹ́nà jìnnà sí ara irin fírísà ní ìbú ọwọ́ kan. Bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ nítòsí ọ̀sà tàbí Marina, afẹ́fẹ́ oníyọ̀ á jẹ ojú lẹ́ẹ̀dì: ẹ fi kútẹ́ẹ̀sì aláìláwọ̀ kun gbogbo ojú lẹ́ẹ̀dì, ẹ yàgò fún ibi tí bátìrì tàbí áńtẹ́nà ti fẹnu kan bọ́ọ̀dù. Ẹni tó ń gbọ́ ni kí ẹ so mọ́ ínfátà tàbí páwà báǹkì.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: RSSI kò gbọ́dọ̀ kọjá -105 sísàlẹ̀ nígbà tí ìdérí wà ní pípadé, tí ọjà sì kún. SF7 ṣì máa ń gbọ́ títí dé bíi -123, ìyókù jẹ́ àyè fún ọjọ́ burúkú.

Tí kẹ́kẹ́ bá pa

Ẹ má tíì gbé bátìrì lọ́wọ́. Ẹ wo àwọn ìjábọ̀ tó gbẹ̀yìn.

Bí òǹkà bá ń padà sí 0 léraléra, bọ́ọ̀dù ń kú tó ń jí: bátìrì ti rẹ̀, kapásítọ̀ 100 µF jìnnà sí rédíò, tàbí ojú lẹ́ẹ̀dì kan ti là. Bí agbára bátìrì bá ń já wálẹ̀ ní 0.1 V lójoojúmọ́ kó tó dákẹ́, olè wà nínú ilé. Ẹ padà sí ìgbésẹ̀ 6. Bí bátìrì bá wà ní 3.9 tí ó sì dákẹ́ lójijì, ẹ wo áńtẹ́nà, ẹ wo omi nínú àpótí.

Ti nóòdù 3 ní Oyíngbò ló pẹ́ mi lọ́wọ́ jù. Ó ń dákẹ́ ní nǹkan bí agogo mẹ́jọ alẹ́, ó ń padà wá ní agogo méje àárọ̀. Mo pààrọ̀ bátìrì. Mo pààrọ̀ rédíò. Alẹ́ tún lẹ́, ó tún dákẹ́. Ìgbà tí mo wá fara balẹ̀ wo òǹkà ni mo rí i pé ìjábọ̀ tó gbẹ̀yìn lálẹ́ jẹ́ 412, èyí tó kọ́kọ́ wọlé láàárọ̀ sì jẹ́ 478. Kò sùn lórí iṣẹ́. Ó ti sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀marùndínláàádọ́rin ní òru náà, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ.

Mo dúró di agogo mẹ́jọ lọ́jọ́ kejì. Ìyá ẹlẹ́ja ka owó rẹ̀, ó pa gílóòbù, ó ní kí ọmọ ìsọ̀ fa ìlẹ̀kùn. Ìlẹ̀kùn onírin tó ń ká sókè ni. Bó ṣe já kanlẹ̀ wàràwàrà báyìí ni RSSI já láti -97, ìlà tó tẹ̀ lé e kò wọlé mọ́. Ẹni tó ń gbọ́ wà ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó dojú kọ ìsọ̀ náà. Mo gbé áńtẹ́nà nóòdù 3 gba ihò afẹ́fẹ́ tó wà lókè ìlẹ̀kùn jáde, mo sì gbé gbogbo nóòdù pẹ̀lú ẹni tó ń gbọ́ láti SF7 sí SF8. Láti ọjọ́ náà, nóòdù 3 ń jábọ̀ tọ̀sán-tòru. Bátìrì tí mo fi sí i lọ́jọ́ náà ṣì ni.